Nígbà tí gbogbo ọmọ ń di akọ: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nípa sísin kribensis nínú táńkì ilé

Àǹtí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jẹ́ télọ̀ ní Ìkòròdú. Ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni táńkì gíláàsì kan wà tó gba nǹkan bíi 90 lítà omi, inú rẹ̀ ló sì ti ń sin kribensis, ẹja ọ̀ṣọ́ kékeré kan. Kì í ṣe pé ó kàn fi ń ṣeré. Alágbàtà kan tó ń kó ẹja ọ̀ṣọ́ fún àwọn ọlọ́jà l'Ékòó ti bá a ṣe àdéhùn pé òun á máa ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ti dàgbà débi tí a ti lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Takọ-tabo ni alágbàtà náà fẹ́: akọ kan, abo kan, nínú ọ̀rá kan. Ẹja bímọ, ọmọ yè, wọ́n dàgbà, síbẹ̀ ọjà kò tà. Ìdí tí ọjà kò fi tà ni mo fẹ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti bá irú rẹ̀ pàdé tí a kò sì mọ ohun tó fà á.

Ẹbí epìyà tí a ń jẹ ni kribensis, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kékeré ni. Akọ rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, abo kì í tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é ni Pelvicachromis pulcher, Boulenger ló sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1901. Inú àwọn odò kéékèèké ní gúúsù Nàìjíríà àti etí òkun Kamẹrúùnù ni ilé rẹ̀. Mò ń tẹnu mọ́ èyí torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹja òyìnbó ni nígbà tí wọ́n bá rí i nínú táńkì ọlọ́jà. Tiwa ni. Akọ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Abo kúrú, ikùn rẹ̀ yọ roboto, bó bá sì ti fẹ́ yé ẹyin, ikùn náà á pọ́n bí osùn. Á máa ká ara rẹ̀ kọrọdọ níwájú akọ, á máa gbọ̀n, kí akọ lè rí ikùn náà. Inú ihò ló ń yé ẹyin sí, òrùlé ihò ló sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́. Abo ló ń tọ́jú ẹyin, akọ ń ṣọ́ àyíká.

Nígbà tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀, omi borehole ilé wọn ló ń lò, lẹ́yìn tó bá ti wà nínú garawa mọ́jú. Kò dán omi náà wò rí. Ooru kò fún un ní wàhálà: òṣùwọ̀n tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì kì í sábà kúrò láàárín 26 sí 28, torí náà kò nílò ẹ̀rọ amómigbóná. Kàn-ìn-kàn-ìn kan tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń fa omi gbà kọjá ni àsẹ́ rẹ̀, ó sì ní èyí tó ń lo bátìrì fún ìgbà tí iná bá lọ. Ó da ìkòkò amọ̀ kékeré kan dojú bolẹ̀, ó la ẹnu sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Guppy, ẹja ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́ mìíràn, wà nínú táńkì kan náà pẹ̀lú ọkọ àti aya yìí, àti ẹja dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń pè ní pleco.

Ẹyin àkọ́kọ́ kò rí òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí rí i pé abo ti wọ inú ìkòkò kò sì jáde mọ́. Ó tan iná fóònù sí ẹnu ìkòkò náà, ó rí ẹyin wẹ́wẹ́ tó so mọ́ òkè. Nígbà tó jí, òrùlé ìkòkò ti mọ́ láú. Akọ ló kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, ó ti fẹ́ gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n òru ni pleco ń ṣiṣẹ́, kribensis kò sì lè lé ohun tí kò rí nínú òkùnkùn. Wọ́n gbé pleco kúrò, ọ̀rọ̀ yẹn sì parí síbẹ̀.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì ló le. Ẹyin wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀, wọ́n wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ti funfun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, nǹkan bí òwú ti hù lára wọn, abo sì kó ìyókù jẹ. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta ẹyin á pa, àwọn ọmọ á wà nílẹ̀ ìkòkò, wọ́n á máa gbọ̀n ìrù, wọ́n á máa lo oúnjẹ inú àpò ikùn wọn fún ọjọ́ mélòó kan sí i kí wọ́n tó lè lúwẹ̀ẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò dé ibẹ̀.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ fún un náà ni a máa ń sọ fún ara wa: kó wá ewé furútù. Igi furútù wà lójúde ilé wọn gan-an. Ó ṣa ewé tó ti gbẹ tó sì já fúnra rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó kó o sínú táńkì lọ́pọ̀lọpọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹyin tó tẹ̀ lé e pa, ọmọ sì jáde. Láti ọjọ́ náà, ewé furútù di oògùn gbogbo nǹkan lójú Àǹtí.

Èmi kò gbà pé ewé náà nìkan ló ṣe é, ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti kọ́kọ́ yí nìyí. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun mìíràn tó yí padà lọ́sẹ̀ yẹn, ó rántí pé òun ta gbogbo guppy òun lọ́jọ́ tí òun kó ewé sínú omi. Ẹni tó bá ti jókòó wo abo kribensis tó ń tọ́jú ẹyin á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Gbogbo ìgbà ló yẹ kó wà lábẹ́ ẹyin, kó máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí wọn, kó máa fi ẹnu ṣa èyí tó bá ti kú kúrò láàárín àwọn tó wà láàyè. Bí guppy bá ń kọjá lẹ́nu ihò ní gbogbo ìṣẹ́jú, ìyá á máa jáde lọ lé wọn, ẹyin á sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń fẹ́ wọn. Omi tí kò yí lára ẹyin kò gbé afẹ́fẹ́ wá, ẹyin tó bá sì kú ni òwú yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ohun tó ń jáde lára ewé furútù lè dín òwú kù. Àmọ́ nígbà tí nǹkan méjì yí padà lọ́jọ́ kan náà, èyí tí a lè fojú rí ló gba ìyìn. Bó bá jẹ́ pé ìyìn nìkan ló gbà, kò burú. Ewé náà ṣe nǹkan mìíràn tí ẹnì kankan kò kà sí.

Àwọn ọmọ náà dùn ún wò. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń lọ, ìyá wọn á lọ sáàárín wọn, á gbá mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, á gbé wọn dé ẹnu ìkòkò, á pọ̀ wọ́n sínú, á tún padà. Èyí tó bá sá lọ sẹ́yìn òkúta, á tẹ̀ lé e lọ. Kò ní sinmi títí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn á fi wọlé. Mo ti rí àgbàlagbà tó gbé àga síwájú táńkì láti wo nǹkan yìí lásán, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ní ti oúnjẹ, pupa ẹyin adìyẹ tí a sè ló kọ́kọ́ ń fún wọn, omi sì ń bàjẹ́. Nígbà tó yá, ó ra ẹyin Artemia, edé tíntìntín inú omi iyọ̀, èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo. Ó ń dà á sínú ìgò omi iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń hó nínú rẹ̀, láàárín bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ ó ti pa. Àwọn ọmọ ẹja jẹ ẹ́ débi pé ikùn wọn ń pọ́n. Tanwíjí ló ń fún àwọn òbí wọn, èyí tó ń bù láti inú garawa tó gbé sẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọ̀n lórí rẹ̀ kí ẹ̀fọn má baà fò jáde.

Nígbà tí alágbàtà dé, ó kó wọn sínú ike funfun kan, ó tẹ̀ síwájú láti wò wọ́n, ó gbé orí sókè. "Àǹtí, àwọn abo dà?" Ẹja 38 ló wà níbẹ̀. Abo mẹ́ta péré ni wọ́n rí. Ọ̀rá mẹ́ta ló gbé lọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyókù wà níbẹ̀ ná.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí pè mí. "Àbúrò mi, wá bá mi wo àwọn ẹja yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣe mí." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tó ṣe é.

Ohun mẹ́ta ló lè fa irú èyí, ó sì yẹ kí a yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, bóyá wọn ò tíì dàgbà tó, tí abo kò tíì yọ ikùn. Mo wo lẹbẹ wọn, wọ́n ti lé ní oṣù márùn-ún, akọ ni wọ́n lóòótọ́. Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rò: bóyá abo ni wọ́n ti kó lọ. Abo kéré ju akọ lọ láti kékeré, ẹni tó bá sì ń dín ọmọ ẹja kù nípa kíkó àwọn tó kéré jù kúrò, abo ló ń kó lọ láìmọ̀. Àǹtí gbà pé òun fún àwọn ọmọdé àdúgbò ní díẹ̀ nínú àwọn tó kéré. Díẹ̀ yẹn kò lè ṣàlàyé abo mẹ́ta péré nínú 38, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kó má tún fún ẹnikẹ́ni ní ọmọ kankan títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni omi fúnra rẹ̀. Mo kán oògùn ìdánwò sínú omi táńkì, àwọ̀ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: pH, òṣùwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), wà ní nǹkan bíi 5.2. Omi borehole láìsí ewé jẹ́ nǹkan bíi 5.8. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ omi borehole ní ilẹ̀ iyanrìn Èkó ló kan, tí kò sì ní ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀ tó lè dá ìkan náà dúró, torí náà ìwọ̀nba ewé lè fà á lọ sísàlẹ̀. Ewé furútù tí Àǹtí ń kó sínú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló gbé e dé 5.2.

Nínú kribensis, kì í ṣe ohun tí ọmọ jogún lára òbí nìkan ló ń pinnu bóyá akọ ni tàbí abo. Omi tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré gan-an ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní 1985, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Rubin tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí pH ṣe ń yí iye akọ àti abo padà nínú àwọn cichlid, ìyẹn ẹbí ẹja tí kribensis àti epìyà wà. Ní 2013, Reddon àti Hurd tún ṣe é fún kribensis gan-an, wọ́n sì rí i pé omi kíkan ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọmọ ń mú akọ pọ̀, pé ó tún ń kan irú àwọ̀ tí akọ máa ní. Nítorí náà, ewé tí Àǹtí fi ń dáàbò bo ẹyin náà ló ń ti àwọn ọmọ sí ọ̀nà akọ.

Mo sọ ọ́ fún un báyìí, mo sì sọ pé ìkarahun ìgbín tí a sè, tí a fọ́, tí a dì sínú aṣọ tínrín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àsẹ́, á gbé pH sókè díẹ̀díẹ̀, torí omi kíkan á máa jẹ ẹ́ wọ inú ara rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ ná, kó sì kó ewé kúrò. Ó gbọ́. Àmọ́ ẹnì kan tó tún bá sọ̀rọ̀ ní ìkarahun á pẹ́ jù, pé baking soda ló yá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó da ṣíbí kan àti ìdajì sínú táńkì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹja ti wà lójú omi, wọ́n ń mí gúlegúle, àwọn kan ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n rò pé sódà ló pa wọ́n lára. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, amóníà tó ń jáde látinú ẹ̀gbin ẹja ló ń pani, ó sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn kòkòrò inú àsẹ́ tó ń jẹ amóníà kì í lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí omi bá ti kan tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ̀gbin àwọn ẹja ti ń ká jọ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé nínú omi kíkan, amóníà wà ní irú ẹ̀dà kan tí kò lè ṣe ẹja ní ohun tó pọ̀. Ní pH 6, èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ní pH 8, nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, ó lé ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Sódà kò fi amóníà kún un. Ó kàn yí èyí tó ti wà níbẹ̀ padà sí májèlé láàárín òru kan. Mo kán oògùn ìdánwò amóníà, ó di àwọ̀ ewé ní kíá.

A pààrọ̀ nǹkan bí ìdajì omi náà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú omi borehole tó ti wà nílẹ̀, torí pé omi náà á dín amóníà kù, ìkan rẹ̀ á sì fa pH wálẹ̀. A tún ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ tí alágbàtà kò kó lọ kú. Ìyá àti bàbá yè.

Lẹ́yìn èyí ni a tó ṣe é bó ṣe yẹ. Ìyá náà yé ẹyin mìíràn lẹ́yìn tí nǹkan ti fara balẹ̀, nínú omi tó ti padà sí nǹkan bíi 5.4. Nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, a fi ọ̀pá rọ́bà fa bí ìdajì wọn sínú ike ńlá kan tó ní àsẹ́ tirẹ̀. Ìkarahun ìgbín ti wà nínú omi ike náà tipẹ́, pH rẹ̀ sì wà ní 6.8. A kò dà wọ́n síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ife omi díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń kún omi tí wọ́n bá wá, láti ọ̀sán títí di alẹ́, kí ara wọn lè bá a mu. Ìdajì tó kù wà lọ́dọ̀ ìyá wọn. Oúnjẹ kan náà, ooru kan náà, òbí kan náà. A kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ọmọ kankan.

Nígbà tí wọ́n dàgbà tó, èyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá jẹ́ 27, abo mẹ́rin ló wà nínú wọn. Èyí tó wà nínú ike jẹ́ 24, abo 11. Mo mọ̀ pé ẹja yìí kéré fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rí jà, n kò sì ní sọ pé ìdánwò inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tó ìwádìí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ bá èyí tí àwọn onímọ̀ ti rí mu, ó sì tó fún Àǹtí láti mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe.

Ohun tó ń ṣe báyìí nìyí. Ìkarahun ìgbín wà nínú táńkì òbí fúnra rẹ̀, ìwọ̀nba, débi tí pH kì í fi kúrò láàárín 6.5 sí 7. Ó ń pààrọ̀ bí ìdámárùn-ún omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń dán amóníà wò kó tó fọwọ́ kan pH rárá. Ewé furútù kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, èmi náà kò sì ní kó fi í sílẹ̀: ewé kan tàbí méjì ní ìgbà tí ẹyin wà lókè, kó yọ wọ́n bí ọmọ bá ti pa. Kò sí guppy nínú táńkì ẹni tó ń bímọ.

Fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra nípa ibi tí ẹ máa mú ọ̀rọ̀ yìí lọ. Kì í ṣe gbogbo cichlid ló ń gbọ́ èdè omi báyìí. Nínú Apistogramma ti Amásónì, iṣẹ́ tí Römer àti Beisenherz tẹ̀ jáde ní 1996 fi hàn pé ooru ló ní agbára jù: bí omi bá gbóná, akọ á pọ̀. Ẹni tó ń sin ín ní Èkó láìsí ohun tó ń tu omi lára kò gbọ́dọ̀ máa wá ìdáhùn nínú pH nìkan. Ti adágún Malawi tó ń gbé ẹyin sẹ́nu, omi líle tí pH rẹ̀ ga tó 8 ni tiwọn, omi borehole wa láìtún un ṣe á pa wọ́n lára. Nínú kribensis náà, ẹ má ṣe ro pé abo ni ẹ̀ ń wá, kí ẹ wá gbé pH sókè lọ rékọjá. Déédéé ni alágbàtà fẹ́ rà.

Bí àwọn ọmọ bá jẹ́ akọ jù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń dín wọn kù àti bó ṣe ń ṣà wọ́n, kí ẹ tó bèèrè lọ́wọ́ omi. Ẹ dán omi ẹ̀rọ wò lọ́tọ̀, kí ẹ sì dán ti táńkì wò lọ́tọ̀, torí ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fi kún un. Bí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé tí Àǹtí fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ kọ́sítọ́mà ló ń kọ tirẹ̀ sí: ọjọ́ tí ẹyin wọlé, pH, ewé mélòó, ọjọ́ tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, àti iye akọ àti abo nígbà tí wọ́n pé oṣù márùn-ún. Alágbàtà ti padà wá rà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bèèrè pé kó jẹ́ kí òun wo ìwé náà.